Ọkàn tó ń lù ségesège: kí ni ablation, ta ni ó sì wà fún?



Lọ́jọ́ kan, ẹbí kan ládùúgbò wa mú ìwé ilé ìwòsàn wá bá mi, torí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ ni mí, mo sì gbọ́ Faransé. Ìwé ìyá wọn ni. Dókítà ọkàn ti kọ fibrillation auriculaire sí i. Ọmọ wọn kan tó wà ní ilẹ̀ Faransé ti pè wọ́n lórí fóònù, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ablation tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn náà, pé kí wọ́n ta ilẹ̀ oko kan, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbé ìyá wá. Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí ní òun ò ní ta ilẹ̀ torí àrùn tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n wá sọ fún mi pé, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa."

Èmi kì í ṣe dókítà. Mo jókòó, mo kàwé, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síbí, kí ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún wọ ilé rẹ̀ lè rí nǹkan kà kó tó ta ilẹ̀, tàbí kó tó kọ̀ láti tà á.

Bí ọkàn ṣe ń lù

Ọkàn wa ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Yàrá òkè ni ẹ̀jẹ̀ ń kọ́kọ́ dé sí. Yàrá òkè á tì í sí yàrá ìsàlẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ á wá fi agbára tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí gbogbo ara. Kí iṣẹ́ yìí tó lè lọ létòlétò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa darí. Ibì kékeré kan wà nínú yàrá òkè apá ọ̀tún tó ń mú iná mànàmáná tín-ín-tín jáde. Iná yẹn ló ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo àwọn onílù níbi ìnáwó. Ìyáàlù ló ń darí, omele ń tẹ̀lé e, àwọn oníjó sì mọ ibi tí wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sí. Ọkàn tó dáa, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú fibrillation auriculaire, ńṣe ló dà bíi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún onílù já wọ agbo lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń lu tirẹ̀. Iná tó ń sáré kiri nínú yàrá òkè lè tó ìgbà 350 sí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Yàrá òkè ò lè fún pọ̀ mọ́, ó kàn ń gbọ̀n rìrì bí ewé ni. A dúpẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gbogbo ariwo yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tó kọjá, ségesège ló ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń lù kìtìkìtì, tó máa yára, tó máa fò, tí kò ní òǹkà kan.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹyẹ ló ń jà nínú àyà àwọn. Àwọn mìíràn, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, èémí ò ní tó wọn bí wọ́n bá gun òkè díẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ru omi, òòyì á máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wà tí kò mọ nǹkan kan lára rárá, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀gbà bá kọ lù wọ́n ni wọ́n tó mọ̀ pé ọkàn wọn ti ń lù ségesège tipẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní apá ibi tí àtàǹpàkò wà, títí ẹ ó fi gbọ́ bí ó ṣe ń lù. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá ń lọ dọ́gbadọ́gba, ó dáa. Bó bá ń lù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, tó dúró, tó tún lù lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ kò lè mọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, àmọ́ ó tó ohun tí a fi ń gbéra nílé.

Ẹ̀rí tó pé ni électrocardiogramme, tí ẹ óò rí lórí ìwé bíi ECG. Wọ́n á lẹ okùn iná mọ́ àyà, mọ́ ọwọ́ àti mọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Kò dunni, kò sì pẹ́. Dókítà ará Holland kan, Willem Einthoven, ló mú ẹ̀rọ yìí dé ibi tó wúlò, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé àrùn yìí máa ń wá, á tún lọ, ECG ọjọ́ kan lè má rí i. Nígbà náà, dókítà lè so ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Holter mọ́ ènìyàn lára fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé yín. Bí wọ́n bá kọ paroxystique, ó túmọ̀ sí pé ó ń wá, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7. Bí wọ́n bá kọ persistante, ó ti lé ní ọjọ́ 7, kò sì lọ. Permanente ni èyí tí aláìsàn àti dókítà ti jọ gbà pé àwọn ò ní wá ọ̀nà láti dá ọkàn padà sí ìlù rẹ̀ mọ́, tí wọ́n kàn ń tọ́jú ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló máa pinnu ọ̀pọ̀ nǹkan nígbà tí a bá dé orí ablation.

Ibo ló ti ń wá?

Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i ló ṣe ń wọ́pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwa ń pè ní tension, wà lára ohun tó ń fà á jù. Ìtọ̀ ṣúgà, sísanra jù, híhan-oorun tó ń dá èémí dúró lóru, àti ọtí líle ń dá kún un. Ẹ má bínú sí mi, sodabí náà wà níbẹ̀. Bí thyroïde, ohun tó wà lọ́rùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, bá ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà lè dá a sílẹ̀.

Òmíràn wà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ju ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ. Bí ọmọdé bá ní ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí wọn ò tọ́jú, ibà kan lè tẹ̀lé e tó ń mú oríkèé ara wú. Ibà yẹn á lọ, ṣùgbọ́n ó lè ti ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń pè ní valve mitrale á ti le, á ti há, yàrá òkè apá òsì á wá máa fẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Yàrá tó ti fẹ̀ báyẹn kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí àyà bá ń já ènìyàn lóru, ẹnu kì í pẹ́ kó tó sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí wọ́n ya ECG fún un pẹ̀lú.

Ewu tó wà nínú rẹ̀

Omi tó bá dúró sójú kan kì í pẹ́ kó tó hu nǹkan. Bí yàrá òkè ò bá fún pọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró níbẹ̀, pàápàá nínú àpò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òkè apá òsì. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró lè dì. Bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá já, tó sì gba ọ̀nà ọrùn lọ sínú ọpọlọ, ẹ̀gbà dé nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní AVC. Fibrillation auriculaire ń sọ ewu ẹ̀gbà di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkàn tó ń sáré fún oṣù pípẹ́ lè rẹ̀, kí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí èémí má tó.

Ìdí nìyí tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fi jẹ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, anticoagulant. Gbogbo aláìsàn kọ́ ló nílò rẹ̀. Dókítà máa ń ka àmì: ọjọ́ orí tó lé ní 65 tàbí 75, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn tó ti rẹ̀, àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀, àti bóyá ẹ̀gbà ti ṣe ènìyàn rí. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn náà. Ẹni tí valve mitrale rẹ̀ há gan-an gbọ́dọ̀ lò ó láìsí pé wọ́n ń ka àmì kankan. Aspirin kò lè rọ́pò rẹ̀.

Oògùn mìíràn wà tó ń mú kí ọkàn má sáré jù, òmíràn sì ń gbìyànjú láti dá ìlù rẹ̀ padà. Wọ́n tún lè fi iná mànàmáná ta àyà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí aláìsàn bá ti sùn, kí ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ìyẹn ni choc électrique. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní kí àrùn náà má padà wá. Ibi tí ìwọ̀nyí bá ti kùnà ni ọ̀rọ̀ ablation ti sábà máa ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún àwọn kan lónìí, dókítà lè dábàá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà náà

Ní 1929, ọ̀dọ́ dókítà kan ní Jámánì, Werner Forssmann, ti rọ́bà tín-ín-rín bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ apá ara rẹ̀, ó tì í títí ó fi dé inú ọkàn, ó sì rìn lọ sí yàrá àwòrán kí wọ́n lè ya á. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bínú sí i. Ní 1956, wọ́n fún òun, André Cournand àti Dickinson Richards ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé ènìyàn lè wọ inú ọkàn láìla àyà.

Ní 1987, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, James Cox, la àyà aláìsàn, ó gé yàrá òkè, ó sì tún un rán ní ọ̀nà tí iná ségesège kò fi ní rí ibi yí po mọ́. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni.

Ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo aláìsàn 45 tí àrùn náà ń wá léraléra. Wọ́n wá ibi tí iná burúkú ti ń kọ́kọ́ ṣẹ́ yọ. Ibi 69 ni wọ́n rí, 65 nínú rẹ̀ sì wà nínú òpó mẹ́rin tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró sínú yàrá òkè apá òsì. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1998. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò fura sí ni: àwọn tó ń da agbo rú, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí a ń ṣe nígbà ọyẹ́, nígbà tí iná ìgbẹ́ ń bọ̀. A máa ń ro etí oko yíká, a tilẹ̀ lè dáná sun koríko etí rẹ̀ fúnra wa, kí iná tó ń bọ̀ má bàa rí nǹkan jẹ. Iná á jó títí, á dé ibẹ̀, á kú. Ohun tí ablation jẹ́ gan-an nìyẹn. Wọn kì í yọ nǹkan kan kúrò nínú ọkàn. Wọ́n á ṣe ojú àpá yíká ẹnu òpó mẹ́rin yẹn. Iná mànàmáná kì í gba ojú àpá kọjá. Onílù burúkú lè máa lu tirẹ̀ lọ nínú òpó, ariwo rẹ̀ ò ní wọ agbo mọ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n á rí i dájú pé kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú yàrá òkè, torí bó bá wà, wọn ò ní ṣe é. Aláìsàn á gba oògùn oorun, tàbí oògùn tó ń mú ara balẹ̀. Dókítà á wá gún òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbi tí itan ti so mọ́ ara, á ti rọ́bà gígùn tín-ín-rín, cathéter, gba ibẹ̀ lọ sókè títí dé yàrá òkè apá ọ̀tún. Torí pé apá òsì ni iṣẹ́ wà, á fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sára ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì. Ihò náà sábà máa ń di fúnra rẹ̀ tó bá yá. Gbogbo èyí, lójú ẹ̀rọ àwòrán ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láti ṣe ojú àpá náà. Àkọ́kọ́ ni radiofréquence: orí cathéter á gbóná, á máa sun ẹran ọkàn ní ojú kékeré kékeré bí ẹni ń kan ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ra títí á fi yí òpó po. Èkejì ni cryoablation: bàlúùnù kékeré kan á dí ẹnu òpó, wọ́n á mú un tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, òtútù á sì pa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwádìí kan tí wọ́n kọ jáde ní 2016, tó kan aláìsàn 762, fi ọ̀nà méjèèjì wéra, kò sì rí i pé ọ̀kan fi bẹ́ẹ̀ ta èkejì yọ. Ẹ̀kẹta ló dé kẹ́yìn: iná mànàmáná tó lágbára, tó ń ṣẹ́ fún ìdá tín-ín-tín ìṣẹ́jú àáyá, tó ń pa ẹran ọkàn láìfi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tó wà nítòsí lọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ náà sábà máa ń gba wákàtí kan sí mẹ́rin. Aláìsàn á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ojú itan má bàa ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ṣé àrùn náà ń lọ pátápátá?

Ìbéèrè tí gbogbo ẹbí ń béèrè nìyí, ó sì yẹ kí a dáhùn láìfi epo pa á. Fún ẹni tí tirẹ̀ ń wá tó ń lọ, tí ọkàn rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, nǹkan bí ènìyàn méje nínú mẹ́wàá ni àrùn náà ò ní tún yọ lára wọn láàárín ọdún àkọ́kọ́. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti dúró pẹ́, tí yàrá òkè rẹ̀ ti fẹ̀, iye náà kéré sí i. Àwọn kan ní láti padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkàn ṣì lè máa lù ségesège nítorí pé ojú àpá ń jiná, ìyẹn ò tíì sọ pé ó kùnà.

Ohun tó dájú ni pé ó ń dín ìdààmú kù ju oògùn nìkan lọ: èémí á tó, ènìyàn á lè ṣiṣẹ́. Ti pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé, ibẹ̀ ni kí a ti rọra. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n ń pè ní CABANA, pín aláìsàn 2,204 sí ọ̀nà méjì, ablation tàbí oògùn. Nígbà tí wọ́n ka ikú, ẹ̀gbà tó burú, ẹ̀jẹ̀ yíya ńlá àti ọkàn tó dúró pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn ní 2018, CASTLE-AF, wo aláìsàn 363 tí ọkàn wọn ti rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn tó ṣe ablation kú kéré ju àwọn tó gba oògùn nìkan. Nítorí náà, irú ẹni tí aláìsàn jẹ́ ló ń pinnu èrè tó máa rí.

Ohun kan tó ń pa ènìyàn ni pé lẹ́yìn tí ara bá ti yá, wọ́n á ju oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sígbó. Ẹ má ṣe é o. Gbogbo ẹni tó bá ṣe ablation gbọ́dọ̀ lò ó fún oṣù méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn, àmì ewu tí dókítà kà níbẹ̀rẹ̀ ló máa sọ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Pé ọkàn ń lù dáadáa kò tó láti fi dá oògùn náà dúró.

Ewu inú iṣẹ́ náà

Ẹ̀jẹ̀ lè ya tàbí kí ojú itan wú; èyí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń lọ. Nínú nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú àpò tó bo ọkàn, wọ́n á sì ní láti fà á jáde kíákíá. Ẹ̀gbà lè ṣẹlẹ̀ nígbà iṣẹ́, àmọ́ kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an, tó sì burú: ojú sísun náà lè lu ọ̀nà oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ọkàn. Kì í hàn lọ́jọ́ náà. Bí ibà, àyà dídùn tàbí ìrora nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ mì bá yọ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ má rò pé ibà ẹ̀fọn lásán ni. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé "on m'a fait une ablation du cœur". Ẹni tó bá ti òkè òkun ṣe é bọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sí ibi tí ará ilé ti lè rí i.

Ta ni ó wà fún?

Ẹni tí àrùn náà ń yọ lẹ́nu, tí oògùn ò ràn án lọ́wọ́ tàbí tí kò bá a lára mu, tí yàrá òkè rẹ̀ ò tíì fẹ̀ jù, òun ló lè jèrè jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ nítorí àrùn yìí náà lè jèrè púpọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára, tó sì ti dàgbà gan-an, oògùn lè tó o.

Ẹni tí valve mitrale rẹ̀ ti há, ilẹ̀kùn ni ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ojú àpá yíká òpó, tí ilẹ̀kùn ṣì há, yàrá á tún máa fẹ̀. Ìtọ́jú ilẹ̀kùn ló ń ṣáájú. Oògùn rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. Ní 2022, ìwádìí INVICTUS, tó kan aláìsàn tó lé ní 4,500 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, rí i pé oògùn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní AVK dáàbò bò wọ́n ju oògùn tuntun rivaroxaban lọ. Sintrom wà lára AVK yìí. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún INR, tó sábà máa ń yẹ kó wà láàárín 2 sí 3. Kò pọn dandan kó sá fún ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tó ń jẹ má ṣe yí padà lójijì. Kó má mu àgbo, kó má sì ra oògùn ara ríro lọ́jà láìkọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ara.

Kí ẹ tó ta ilẹ̀

Ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àti dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Owó rẹ̀ sì wúwo, ìrìnnà àti físà ò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀nyí lọ́wọ́ cardiologue yín, ìbáà jẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Lomé:

1. Irú wo ni tèmi: paroxystique, persistante, àbí permanente?
2. Ṣé ẹ ti ya échographie ọkàn? Báwo ni àwọn ilẹ̀kùn ṣe rí, báwo sì ni yàrá òkè apá òsì ṣe fẹ̀ tó?
3. Ṣé tension mi, thyroïde mi àti ṣúgà mi wà níwọ̀n?
4. Ṣé mo nílò anticoagulant, èwo sì ni?
5. Bí mo bá ṣe ablation, ẹni mélòó nínú mẹ́wàá tó dà bíi tèmi ló ń yá?
6. Bó bá padà wá, ta ló máa sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì?
7. Bí mo bá padà sílé, ta ló máa tọ́jú mi níbí?

Bí ẹnu ẹnì kan bá sì wọ́ lójijì, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹ má dúró béèrè nǹkan kan. Ẹ wo aago, kí ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ìyá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ńkọ́? A kọ ìbéèrè wọ̀nyí sórí bébà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì mú un lọ bá dókítà. Échographie fi hàn pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti há, láti ìgbà èwe. Dókítà ní ablation kọ́ ló kàn, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ àti INR oṣooṣù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ mú, kí wọ́n sì máa ṣètò ti ilẹ̀kùn náà. Ọmọ tó wà ní ilẹ̀ Faransé ò ní kí wọ́n ta ilẹ̀ mọ́. Òun ló ń fi owó INR ránṣẹ́. Bàbá àgbà tó ń bínú náà ti mọ orúkọ àrùn náà báyìí, òun ló sì máa ń béèrè láràárọ̀ pé, "Ṣé ìyá yín ti lo oògùn?"

Ẹni tó bá kà á, kó bá ẹni tí kò mọ̀wé kà á.